Kí Ni Ó Kanlẹ̀ Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá "Break Down"?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbogbòò ní Ìṣẹ̀rì Olówóra

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ṣọ́ọ̀kì ti sọ ìka ọwọ́ yín di funfun; ẹ̀yin awakọ̀ àti mẹkáníìkì tí ẹ pa iṣẹ́ òwúrọ̀ tì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu arúgbó kan; àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí mo rí ní ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí èmi náà fẹ́ràn láti máa jókòó sí nígbà tèmi: mo kí yín, mo sì júbà. Ìbà àwọn Àwórì, ọmọ Ọlọ́fin, ọmọ a-tẹ̀lé-àwo-dé-ibùdó. Àlejò ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ń mu omi ìlú láti ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣe àlejò mọ́, onígbèsè ni; ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òní yìí jẹ́ díẹ̀ nínú gbèsè tí mo jẹ yín.

Mo mọ̀ pé àwọn tí ó ránṣẹ́ sí mi rò pé ọ̀rọ̀ ńláńlá ni n ó gbé wá, bóyá ọ̀rọ̀ oyè tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Wọn yóò foríjì mí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni méjèèjì, èyí tí kò sí kọ̀ńdọ́ kan láti Kétu dé Berger tí kì í pè é lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kí ilẹ̀ tó ṣú: break down.

1. Bí ìbéèrè náà ṣe wáyé

Èmi àti ọmọ-ọmọ mi ni a ń ti Kétu bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá Sẹkitéríàtì tí ó sì dúró pátápátá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá Otedola, tí a kò lè lọ síwájú, tí a kò sì lè padà sẹ́yìn. Rédíò awakọ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fa á fún wa, pé tírélà kan ti break down níwájú. Ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wákàtí kí a tó dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà yìí mọ ohun tí a bá: ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù, ó ti tẹ́ ẹ sórí ọ̀dà ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí lẹ́yìn ọkọ̀, kí àwọn tí ń bọ̀ lè mọ̀ pé ohun kan ń bẹ níwájú, ó ti ki igi sábẹ́ táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà yí padà, awakọ̀ fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, bàtà sílípáàsì rẹ̀ méjèèjì nìkan ni ó hàn síta, ọ̀kan ti já. Ewé náà ṣì tútù, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ti wà níbẹ̀.

Ọmọ náà wo tírélà náà láti òkè délẹ̀, ó wá bi mí pé: "Bàbá àgbà, rédíò ní ó break down. Kí ló wá wà ní down? Orí táyà ló ṣì dúró sí."

Mo wúkọ́. Mo ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì rí èsì kan fọ̀ fún ọmọ mi. Ìbéèrè ọmọ náà ni ìbéèrè wa lónìí, n kò sì ní fi òmíràn kún un: nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ọkọ̀ break down, kí ni ó kanlẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kò sí ohun kankan tí ó kanlẹ̀. Pé ọ̀rọ̀ kejì náà ti fẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì sì ti bí ìtumọ̀ kan tí kò jọ bàbá, tí kò sì jọ ìyá. Àti pé nínú gbogbo ẹni tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láyé, Yorùbá ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó yà lẹ́nu, nítorí inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a bí wa sí.

2. Irú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ

Kí a tó máa jà sí ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni break: fífọ́, dídá, jíjá. Down ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí ìsàlẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ bá mú ọ̀rọ̀ kékeré kan mọ́ra, bóyá up tàbí out tàbí off tàbí down, tí ìtumọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ní kò sì ṣeé rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a jẹ́ pé a ti bá ẹ̀dá kan pàdé tí àwọn onígírámà Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní phrasal verb. Èmi yóò máa pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe oníkejì, nítorí pé ẹnìkejì rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un kò lọ́jọ́ lórí: inú ìwé tí Logan Pearsall Smith tẹ̀ jáde ní 1925 ni ó ti gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá náà ti dàgbà ju orúkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀n ní 1755, ó sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gan-an ni ó ń da àjèjì láàmú jù nínú èdè àwọn. (Kí ẹ má ṣe ṣi ẹni mú: Samuel Johnson tiwa, àlùfáà Ọ̀yọ́ tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá parí ní 1897, tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, ẹlòmíràn ni. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ìdánwò, tí ó sọ bàbá wa di òyìnbó.)

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ibi tí a bá ti rí down lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ni a ti rí oníkejì. Ìdánwò kan wà tí mo máa ń lò, ó sì rọrùn: kí a béèrè pé "níbo?" Àwọn àgbà Àwórì ń sọ fún wa pé nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè fi Ifẹ̀ sílẹ̀, àwo ni ó gbé lé ojú omi, tí ó ń tẹ̀ lé e ní etí Odò Ògùn, títí àwo náà fi pòyì ní ẹ̀bá ibi tí a wà yìí, ní Ìṣẹ̀rì, tí ó sì rì; èsì tí wọ́n sì ń fún ẹni tí ó bá béèrè àwo ni pé "àwo rì", èyí tí í ṣe orísun orúkọ Àwórì. Ẹni tí yóò sọ ìtàn yìí ní Gẹ̀ẹ́sì lè ní àwo náà went down. Ẹ bi í pé níbo? Yóò dá yín lóhùn pé ìsàlẹ̀ odò. Down náà ní ibi tí ó ń tọ́ka sí, kò tíì lọ sílé ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ ni ó ṣì wà. Ẹ wá bi ti tírélà afárá Otedola pé níbo? Kò sí èsì. Ibi tí ìbéèrè "níbo" bá ti kú ni ìgbéyàwó ti bẹ̀rẹ̀.

3. Ilé tiwa ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín sí èdè òyìnbó pé ó díjú, ẹ jẹ́ kí a yẹ àwo ara wa wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé gírámà Yorùbá tí ó gbé jáde ní 1966, fi ìyàtọ̀ sáàárín oríṣi ọ̀rọ̀-ìṣe wa, ọ̀kan sì wà nínú wọn tí àwọn olùkọ́ ń pè lónìí ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, nítorí pé ó ń la ara rẹ̀ sí méjì kí ẹni tí a ṣe é sí lè jókòó sáàárín. Bàjẹ́ jẹ́ ọ̀kan: ọkọ̀ bàjẹ́, ó ba ọkọ̀ jẹ́. Gbàgbọ́ jẹ́ ọ̀kan: mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. Tànjẹ jẹ́ ọ̀kan: oníjìbìtì tàn mí jẹ. Mo ti rí ẹni tí wọ́n tàn jẹ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tí wọ́n bu iyọ̀ sí lára. Kí ni "jẹ" ń wá níbẹ̀? Ẹni tí ó bá mú "gbà" sọ́tùn-ún, tí ó mú "gbọ́" sósì, tí ó sì rò wọ́n pọ̀ bí òǹrajà ti í ro owó, yóò rò títí kò ní rí ìgbàgbọ́. Àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà. Bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá pínyà, ìtumọ̀ wọn ti kú nìyẹn.

Ẹ gbọ́ èyí tí ó dùn mọ́ mi jù. Ọkùnrin kan kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọkùnrin kejì kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù. Kọ ti àkọ́kọ́ ni ti ìwé kíkọ. Ti èkejì ni kọ̀, ti kíkọ̀ tí a kọ nǹkan, èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń gòkè díẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, tí àwọn méjèèjì fi wá di ọgbọọgba létí. Ohùn kan náà, "sílẹ̀" kan náà. Ọjọ́ tí a kọ orúkọ obìnrin náà sílẹ̀, orí ìwé ni orúkọ náà wà, kò sí nílẹ̀. Ọjọ́ tí a kọ òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ ni ó gbà lọ, òun náà kò sí nílẹ̀. Bí àjèjì bá bi wá pé "ilẹ̀ wo?", ṣé a kò ní wúkọ́ bí mo ti wúkọ́ lórí afárá?

4. Ilẹ̀ tiwa àti ìsàlẹ̀ tiwọn

Ìpele yìí ni ọkàn ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ẹ ti rí i pé mo ní "fara balẹ̀". Ara ta ni ó bà lé ilẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí? Orí àga ni gbogbo wa wà.

Èdè wa fẹ́ràn ilẹ̀ púpọ̀. A ń dá ilé-ìwé sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní òun set it up, ó gbé e lọ sókè. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ó broke out, ó mú un lọ síta. A tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, a ya owó sílẹ̀, a fi iṣẹ́ sílẹ̀, a gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ewu. Nínú gbogbo wọn, bí a bá béèrè níbo, kò sẹ́ni tí yóò fi ìka tọ́ ilẹ̀ kankan. Bí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ ìsàlẹ̀ lóòótọ́, kí ni ó dé tí èmi àti òyìnbó fi wo ogun kan ṣoṣo tí ó bẹ̀rẹ̀, tí èmi rí i nílẹ̀, tí òun rí i níta? Èsì mi ni pé kò sí ẹni tí ó rí i níbì kankan. Ọ̀rọ̀ kékeré náà kò sọ ibi mọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìṣe náà ti dé òpin rẹ̀, pé ipò ti yí padà, pé ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ kò sí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tí ń lọ kò lọ mọ́: ìyẹn ni down. Ẹni tí ó wà nínú túbú kò sí nínú rẹ̀ mọ́: ìyẹn ni "sílẹ̀".

Ohun kan tún wà tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Down, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa gbà pé ìsàlẹ̀ ni, láti ara òkè ni wọ́n ti bí i. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kí àwọn ará Nọ́máńdì tó wọ ilẹ̀ wọn, dūn ni orúkọ òkè kékeré. Bí ènìyàn bá ń sọ̀ láti orí òkè, wọn a ní of dūne ni ó ti ń bọ̀. Ọjọ́ lọ, ẹnu lọ, iwájú gbólóhùn náà re dànù, ó ku down. Ẹ wò ó nígbà náà: ọkọ̀ tí ó kú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Otedola, òkè ni orúkọ tí a fi ń pe ìṣubú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti gbàgbé ìlú bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ní kó wá fi ọ̀nà ibẹ̀ han òun?

Mo ṣì fi ẹlẹ́rìí mi tí ó tóbi jù pamọ́. Àwọn Yorùbá tí ó ṣáájú wa ti ní ọ̀rọ̀ fún break down, èyí tí àwọn akọ̀ròyìn ń lò lójoojúmọ́ láìwo ìdí rẹ̀: wọ́n ní ẹ̀rọ náà dẹnukọlẹ̀. Ẹ tú u wò: ó dẹ ẹnu kọ ilẹ̀. Tírélà kò ní ẹnu. Bí ó bá sì ní, ojú ọ̀nà ni ẹnu náà kọ sí, kì í ṣe ilẹ̀. Síbẹ̀ a ní ó dẹnukọlẹ̀, ó sì yé mẹkáníìkì, ó yé ọlọ́jà, ó yé gómìnà tí ó ń sọ̀rọ̀ ètò ìlera tí ó dẹnukọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ètò ìlera náà kò ní ẹnu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ pé bí ọmọkùnrin bá fẹ́ bá ọmọge sọ̀rọ̀ ìyẹn, a ó ní ó dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Dẹnu kan náà ni, kọ kan náà ni. Bí àjèjì kan bá wá jókòó ti ìwé atúmọ̀, tí ó ń ro ọ̀rọ̀ pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé pé ní Ìṣẹ̀rì, bí ó bá ti rẹ tírélà, ilẹ̀ ni í máa ń fẹ́.

Nítorí náà mo padà sí ohun tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi bi mí pé kí ló wà ní down. Ohun tí ó yẹ kí n fi dá a lóhùn ni pé: "Ohun kan náà tí ẹnu ọkọ̀ ń ṣe nínú dẹnukọlẹ̀."

5. Lílò rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé ìdílé kan ni break down yóò tètè mọ̀ pé ìdílé náà ní ọmọ púpọ̀, àti pé Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pè wọ́n. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ògbufọ̀ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni a ti ń ṣìnà jù.

Ti ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ni àkọ́bí. Awakọ̀ wa kì í dúró wá ọ̀rọ̀: ọkọ̀ kú, ó ta kú, ó yọ mí lẹ́nu lọ́nà, ó dákú. Ó wù mí kí ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́tí sí àwọn awakọ̀ wọ̀nyí kí ẹ tó máa kọ "ọkọ̀ náà fọ́ sí ìsàlẹ̀" sí pátákó, bí mo ti rí i nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan rí. Ọkọ̀ tí ó fọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí ó kú: èyí tí ó fọ́, inú jàǹbá ni ó ti ń bọ̀.

Ti ènìyàn ni èkejì, ẹ sì ṣọ́ra fún un dáadáa, nítorí pé ohun tí a ń fi í sọ nílé yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń fi í sọ lókè òkun. Ní Èkó, ẹni tí ó bá ní òun break down ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ibà ni ó mú un, ó ti lo oògùn, ara ti ń yá. Ní Lọ́ńdọ̀n, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹkún ni ó bú sí, tàbí kí ọkàn rẹ̀ ti dàrú tí kò lè kó ara rẹ̀ jọ mọ́. Àbúrò mi obìnrin, tí ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ pé òun kò lè wá síṣẹ́ nítorí pé òun broke down ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀gá náà jẹ́ ọmọlúàbí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó rán obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbọ́ ẹ̀dùn ọkàn sí i, pẹ̀lú òdòdó. Àbúrò mi bu ọbẹ̀ ata fún un, ó sì fi àpò oògùn ibà hàn án, wọ́n jọ jókòó fún wákàtí kan, ìkejì kò mọ ohun tí ìkínní ń sọ. Òdòdó náà ni ó sọ fún mi pé òun kò mọ ohun tí òun ìbá fi ṣe.

Ti ìjíròrò kò gba àkókò: bí ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá jókòó tí ọ̀rọ̀ wọn sì break down, a ti ní "forí ṣánpọ́n", ọ̀rọ̀ náà sì ti dára kọjá kí a máa wá òmíràn. Ti ilẹ̀kùn náà kò le: ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn. Ti oúnjẹ nínú ikùn, kí a sọ pé ó dà, ó tán.

Ti ìṣirò ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé òun ni ó ń bọ́ sẹ́nu wa jù ní ìpàdé. Mo wà níjókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbi tí akọ̀wé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kàwé dáadáa, ti dìde tí ó sì sọ fún akápò, ìyá àgbà kan tí ó ti ń ta ata ní Mile 12 láti ìgbà èwe rẹ̀, pé: "Ìyá, a fẹ́ breakdown." Ìyá náà fa gèlè rẹ̀ le, ó ní: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. N kò ní break down, ẹ̀yin náà kò sì ní break down." Gbogbo ilé ṣe àmín. Ọmọkùnrin náà dúró, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ìṣirò owó kò sì jáde lọ́jọ́ náà. Ìyá náà kò ṣìnà, ẹ jọ̀wọ́. Ọmọ kan nínú ìdílé náà ni ó mọ̀, ọmọ mìíràn ni akọ̀wé náà ń pè. Bí ó bá ti sọ pé "Ìyá, ẹ bá wa tú owó yìí palẹ̀", gbogbo rẹ̀ ìbá ti parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ sì wo "tú palẹ̀" náà dáadáa. Mẹkáníìkì ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó sì to àwọn irin náà sórí tapólì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akápò ń tú owó palẹ̀. Olùkọ́ ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. Ilẹ̀ tún dé! Èyí tún jẹ́ ibi tí àwa àti Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ ìyàwó láti agboolé kan náà: wọ́n ní down, a ní "palẹ̀", ìtumọ̀ sì pàdé. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. "Tú" nìkan kò tó, "palẹ̀" nìkan yóò gbé wa lọ síbi pípalẹ̀ mọ́.

6. Break àti bíréèkì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò kọjá níwájú àwọn awakọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní break, tí í ṣe fífọ́; ó ní brake, tí í ṣe ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró. Ìkọsílẹ̀ wọn yàtọ̀, ohùn wọn jẹ́ ọ̀kan, àwa sì ti yá ìkejì tipẹ́, a ń pè é ní bíréèkì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí etí Yorùbá gbọ́ break down, bíréèkì ni ó gbọ́, ó sì rò pé bíréèkì ni ó lọ sílẹ̀. Mo ti bi awakọ̀ mẹ́ta, méjì nínú wọn ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi pẹ̀lú ìdánilójú, ọ̀kan tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ láti fi hàn mí bí pẹ́dà ṣe ń wọlé tí kò sì padà. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn wọn. Bí mo bá jẹ́ awakọ̀, ìtumọ̀ tí èmi náà yóò rí nìyẹn, ó sì mọ́gbọ́n wá ju ti àwọn tí ó ni èdè lọ. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yín, ìyàtọ̀ náà wúwo. Ọkọ̀ tí ó break down dúró. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú kò lè dúró. Ọ̀kan ní kí ẹ ṣẹ́ ewé, èkejì ní kí ẹ sá.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, 2018, kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí. Ọkọ̀ agbépo ni, lórí afárá Otedola kan náà; ìròyìn tí ó jáde ni pé bíréèkì rẹ̀ ni kò mú; epo dà, iná ràn, ọkọ̀ tí ó lé ní àádọ́ta jóná, ẹ̀mí sì lọ. Láti agbègbè yìí ni a ti rí èéfín náà. Ní ọjọ́ kejì mo ka àkọlé ìwé ìròyìn kan tí ẹni tí ó kọ ọ́ fi "break" sí ibi tí "brake" yẹ kó wà. Mo fi ìwé náà sílẹ̀. (Níbo? Orí tábìlì.) Mo mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó kúrò ní àyè rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò sí nǹkan tí lẹ́tà lè ṣe fún àwọn tí ó lọ, síbẹ̀ inú bí mi gan-an.

7. Ààlà rẹ̀

Ó ku ohun kan. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ó dúró ni ó break down. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ jò kò break down. Táyà rẹ̀ jò ni. Ọkọ̀ tí ọlọ́pàá dá dúró kò break down, bí ó tilẹ̀ ṣe pé awakọ̀ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí a gbàgbé láti bù sí i.

Mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún ọmọ-ọmọ mi nígbà tí mo ti rò ó tán, ó sì tẹ́tí sí mi dé ìwọ̀n tí ọmọ lè tẹ́tí sí arúgbó. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n mú iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀, ó hó díẹ̀, ó wúkọ́, ó sì kú. Mo ti orí ìjókòó mi pariwo pé kí ó lọ wo ohun tí ó ṣe é, pé mo rò pé ó ti break down. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tí ó ṣí ọmọrí táńkì, tí ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tí ó sì dé e padà.

Ó ní: "Rárá, Bàbá àgbà. Ó run out ni."

Mo bi í pé: "Out níbo?"

Kò dá mi lóhùn. Ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ti ń lọ sílé epo.